Kẹ̀kẹ́ eré-ìje kan, òtútù Lọ́ńdọ̀nù, àti ìrìnàjò ọjọ́ méjì sí Canterbury

Kẹ̀kẹ́ eré-ìje ni wọ́n gbé wá sí ilé àtúnṣe wa, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ arìnrìnàjò. Férémù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, fọ́ọ̀kù iwájú jẹ́ káábọ̀n, táyà 700×23 (fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 23) ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó ń fún rímù mọ́ra lápá méjèèjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Àwo jíà 2 ló wà níwájú, eléyín 50 àti eléyín 34. Ẹ̀yìn ní 9, láti eyín 11 dé 25. Kò sí ihò kankan lára férémù tàbí fọ́ọ̀kù tí a lè de mọ́dígáàdì tàbí kárià mọ́.

Ẹni tó ni ín ń gbé nítòsí Woolwich, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, lápá ibi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí láti Peckham títí dé Thamesmead. Kẹ̀kẹ́ yìí ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, kìlómítà 14 ní àlọ, 14 ní àbọ̀, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀. Kílò 82 ni òun fúnra rẹ̀ wọ̀n. Nǹkan méjì ló ń fẹ́: kí kẹ̀kẹ́ náà sin òun láti oṣù kẹwàá dé oṣù kẹta láì bàjẹ́, kí ó sì lè gbé ẹrù kílò 7 sí 8 lọ sí Canterbury, ìlú kan ní agbègbè Kent, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kejì.

Àyè ni a kọ́kọ́ wọ̀n

Kí kẹ̀kẹ́ náà tó dé ilé àtúnṣe, ó ti ra táyà 700×28 méjì àti mọ́dígáàdì gígùn oní-ọ̀pá irin. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é: wọ́n á ra ohun tí ojú wọn rí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wá ibi tí yóò wọ̀. Lórí kẹ̀kẹ́ eré-ìje, àlàfo tó wà láàrin orí táyà àti abẹ́ bíréèkì ni ọba. Táyà, mọ́dígáàdì, àní irú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń gba àṣẹ.

Ìwọ̀n méjì ni a mú. Èkíní ni láti àárín bóòtù tó de bíréèkì mọ́ kẹ̀kẹ́, wá sísàlẹ̀ dé àárín ojú rímù tí rọ́bà bíréèkì ń tẹ̀. Iwájú jẹ́ mìlímítà 45, ẹ̀yìn jẹ́ 48. Ẹ̀mú bíréèkì kúkúrú, irú èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ náà, máa ń dé mìlímítà 39 sí 49. Èyí tó gùn, tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ tí yóò lo mọ́dígáàdì, máa ń dé 47 sí 57. Ẹni tó ni ín ti gbọ́ pé bí òun bá ra ẹ̀mú gígùn, àyè yóò ṣí sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n lu ihò bóòtù sí lára férémù àti fọ́ọ̀kù ló ń dá àyè sílẹ̀. Ẹ̀mú gígùn kàn ń tẹ̀lé ihò tó ti ga tẹ́lẹ̀ ni. Níwájú kẹ̀kẹ́ yìí, rọ́bà ẹ̀mú gígùn kò tilẹ̀ ní bá àárín ojú rímù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá sípóòkù ni yóò máa tẹ̀. Ẹ̀mú àtijọ́ dúró sí ipò rẹ̀.

Ìwọ̀n kejì ni àlàfo fúnra rẹ̀, pẹ̀lú táyà 23 tó kún fún afẹ́fẹ́ dáadáa: mìlímítà 9 níwájú, 10 lẹ́yìn. Táyà 25 yóò gba bíi 2 nínú rẹ̀. Táyà 28 yóò gba bíi 5. A fi táyà 28 náà sí i kí ẹni tó ni ín lè fojú ara rẹ̀ rí i. Nínú ilé, lórí ìdúró, ó ń yí láì kan ohunkóhun. Nígbà tó gùn ún lọ sójú títì tó tutù, òkúta wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ táyà bẹ̀rẹ̀ sí í họ abẹ́ bíréèkì iwájú gìrìgìrì. Àlàfo mìlímítà 4 kò tó fún ọ̀nà olómi, ká má tíì dárúkọ mọ́dígáàdì. Táyà 28 àti mọ́dígáàdì gígùn padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tà wọ́n. Táyà 25 la fi rọ́pò wọn.

Mọ́dígáàdì

Bí owó tó wà lọ́wọ́ bá jẹ́ ti nǹkan kan ṣoṣo, mọ́dígáàdì ni kí ẹ rà. Omi tí táyà iwájú ń tú sókè kì í ṣe omi lásán: iyanrìn ni, iyọ̀ ni, epo mọ́tò sì wà nínú rẹ̀. Ó ń lọ tààrà sí bíàrìn ìsàlẹ̀ ọrùn kẹ̀kẹ́, sí ṣéènì, sí bíàrìn kíránkì àti sínú bàtà. Ti ẹ̀yìn ń fọ́n sí ìdí ẹni tó ń gùn ún, ó sì ń gba ẹnu òpó ìjókòó wọ inú férémù, níbi tí yóò ti ṣàn lọ bá bíàrìn kíránkì láti òkè.

SKS Raceblade Long ni a yàn, nítorí wọ́n ṣe é fún irú kẹ̀kẹ́ yìí gan-an: kẹ̀kẹ́ tí kò ní ihò, tí táyà rẹ̀ kò ju 25 lọ. Kì í gba abẹ́ bíréèkì kọjá. Ó dúró lẹ́yìn bíréèkì, apá kékeré mìíràn sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìhà kejì. Ọ̀pá rẹ̀ ń so mọ́ ibi tí quick-release (ìdè tí a lè fi ọwọ́ tú) ti de ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ férémù, àwo irin pẹlẹbẹ kan sì wà tí bóòtù bíréèkì ń dè mọ́ra. Bí a bá ti tú bóòtù yẹn, kí a wọn bí a ṣe ń fún un padà: Nm 8 sí 10 (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù). Lẹ́yìn náà kí a tún bíréèkì fà sí àárín, nítorí àwo tín-ínrín náà máa ń yí i díẹ̀, rọ́bà apá kan á wá máa kan rímù láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Mọ́dígáàdì tí ilé iṣẹ́ ń ṣe máa ń kúrú níwájú. A gé rọ́bà pẹlẹbẹ kan, a fi bóòtù kékeré 2 dè é mọ́ etí ìsàlẹ̀ mọ́dígáàdì iwájú, ó sì wá sísàlẹ̀ tó ku sẹ̀ǹtímítà 10 kó kanlẹ̀. Rọ́bà yìí kò wọ́n rárá, síbẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe fún bàtà àti ṣéènì pọ̀ ju ti ìyókù mọ́dígáàdì lọ.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ni ín kó tó gùn ún kúrò níbẹ̀. Ìdí táyà iwájú ti sún mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ báyìí, nítorí mọ́dígáàdì ti gba díẹ̀ nínú àyè tó wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá ń yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gidigidi nígbà tó ń rọra lọ, bí ẹni ń yípo láàrin ọkọ̀ tó dúró, bàtà lè kan mọ́dígáàdì kó sì gbé èèyàn ṣubú. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré kì í ṣẹlẹ̀, torí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kì í yí tó bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn: níbi ìyípo tóóró, kí ẹsẹ̀ tó wà ní òdìkejì ìhà tí a ń yí sí wà lẹ́yìn, kí a má tẹ pẹ́dà.

Táyà àti afẹ́fẹ́

Ilẹ̀ Kent jẹ́ ilẹ̀ ẹfun, òkúta akọ sì pọ̀ nínú ẹfun náà. Bí òjò bá ti fọ́n ọn sójú ọ̀nà, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Omi tún ń ràn án lọ́wọ́, nítorí rọ́bà tó tutù rọrùn láti gé ju èyí tó gbẹ lọ; ìdí nìyẹn tí táyà fi ń jò lọ́jọ́ òjò ju ọjọ́ ọ̀dá lọ. Táyà tí a fi sí i ní ìgbànú ààbò lábẹ́ ojú rẹ̀. Continental Gatorskin àti Grand Prix 4-Season wà nínú irú èyí, Schwalbe Durano náà sì wà níbẹ̀. 4-Season ni ó gbà, nítorí ó di ojú ọ̀nà tó tutù mú ju Gatorskin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gatorskin ń pẹ́ jù ú lọ. Èmi gbà pé ìpinnu yẹn tọ̀nà: táyà tó jò ń dáni dúró, táyà tó yọ̀ ń gbéni lulẹ̀.

Fún kílò 82 pẹ̀lú aṣọ òtútù, psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) 80 níwájú àti 90 lẹ́yìn. Tí àpò ìrìnàjò bá wà lórí rẹ̀, ẹ̀yìn di 95. Iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà gẹ́gẹ́ bí òpin kì í ṣe àmọ̀ràn, òpin ni. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí a wo ojú táyà pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, kí a fi ẹnu ọ̀bẹ kékeré hú ẹ̀rún òkúta tó wọlé síbẹ̀ jáde kó tó rìn dé tíúbù. Ní òtútù tó wà nísàlẹ̀ 3°C, táyà yìí kò wúlò lójú ọ̀nà àdúgbò tí wọn kò da iyọ̀ sí. Táyà oníṣó fún yìnyín wà, àmọ́ wọ́n fẹ̀ ju àyè kẹ̀kẹ́ yìí lọ. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ni.

Iyọ̀

Ẹni tó bá ti gbé létí òkun l'Ékòó mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe sí páànù àti sí ìṣó. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ da iyọ̀ sójú títì. Inú ilẹ̀ Winsford ní Cheshire ni wọ́n ti ń wa púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì máa ń fi ọkọ̀ fọ́n ọn lálẹ́ kí omi má bàa dì. Iyọ̀ yìí kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbẹ tán, nítorí ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Níbi tí irin àti alumíníọ̀mù, tàbí alumíníọ̀mù àti káábọ̀n, bá ti fara kan ara, omi iyọ̀ ń mú kí ọ̀kan máa jẹ èkejì títí wọn yóò fi lẹ̀ pọ̀.

Nítorí náà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, a tú gbogbo ibi tí wọ́n ti pàdé. Òpó ìjókòó jáde. Alumíníọ̀mù nínú alumíníọ̀mù ni, gíríìsì la fi pa á. Bó bá jẹ́ òpó káábọ̀n, ọ̀rá oníyanrìn tí wọ́n ṣe fún káábọ̀n ni à bá lò, torí gíríìsì á jẹ́ kó máa yọ̀. Kí a tó fà á jáde, a fi téèpù sàmì sí gíga rẹ̀. Pẹ́dà méjèèjì jáde (ẹ rántí pé ti òsì ń tú sódì), a fi gíríìsì sí ẹnu wọn, a sì dè wọ́n padà ní Nm 35. Bóòtù ìgò omi, bóòtù ọrùn, bóòtù rọ́bà bíréèkì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan jáde, ó gba gíríìsì díẹ̀, ó padà. Abẹ́ ibi tí kíránkì wà, ihò kékeré kan wà tó yẹ kí omi máa gbà jáde. Ẹrẹ̀ ti dí i. Okùn wáyà kan la fi yọ ọ́.

Rọ́bà bíréèkì dúdú tó wà lórí rẹ̀ la bọ́ kúrò, a fi Kool-Stop aláwọ̀ òsùn rọ́pò. Rọ́bà yìí ń mú rímù nínú omi ju ti dúdú lọ, kì í sì í tètè kó ẹ̀rún alumíníọ̀mù sára. Ẹ̀rún yẹn ni ọ̀tá: iyanrìn ń fá rímù, ẹ̀rún rímù ń wọ inú rọ́bà, rọ́bà tó ti di ṣákísákí á tún máa fá rímù lọ. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí a tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kí a fi abẹ́rẹ́ hú ohun tó ń tàn yanran nínú rọ́bà, kí a fi sáńpépà fá ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. A wọn ògiri rímù iwájú ní oṣù kẹwàá: mìlímítà 1.3. Bó bá ti di 1, rímù ti parí, nítorí afẹ́fẹ́ inú táyà ń ti ògiri náà síta nígbà gbogbo, ọjọ́ tó bá ya kì í kìlọ̀.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní sípóòkù 24 pẹ̀lú nípù (nọ́ọ̀tì kékeré tó ń fún sípóòkù mọ́ rímù) alumíníọ̀mù, mẹ́ta nínú nípù náà sì ti funfun nítorí iyọ̀. A fi ẹsẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, sípóòkù 32, nípù idẹ, họ́ọ̀bù tó fẹ̀ ní mìlímítà 130. Ìwọ̀n 130 yẹn ṣe pàtàkì. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ orí òkè àtijọ́ jẹ́ 135, a kò sì gbọ́dọ̀ fi agbára ya férémù alumíníọ̀mù láti gbà á.

Jíà fún ẹrù

Ní Kent, òkè North Downs kò ga púpọ̀, àmọ́ ó máa ń ga lójijì. Jíà tó rọrùn jù lórí kẹ̀kẹ́ náà, 34 níwájú àti 25 lẹ́yìn, ń gbé e lọ mítà 2.86 ní ìyípo kíránkì kan. Pẹ̀lú ẹrù, lẹ́yìn kìlómítà 80, ìyẹn wúwo. Bí 25 bá di 32, ó di mítà 2.23.

Derailleur ẹ̀yìn, apá irin tó ń ti ṣéènì láti orí àwo jíà kan sí òmíràn, jẹ́ èyí kúkúrú. Kò lè gba 32. Oríire ibẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ jíà 9 ni. Ní àkókò jíà 9, Shimano, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, fi ìwọ̀n fífà okùn kan náà ṣe derailleur kẹ̀kẹ́ títì àti ti orí òkè, nítorí náà derailleur gígùn Deore (ti orí òkè) jíà 9 ń bá ohun ìyí-jíà kẹ̀kẹ́ títì ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀tàn. Láti jíà 10 lọ, wọ́n yí ìwọ̀n náà padà, àsopọ̀ yìí kò sì ṣeé ṣe mọ́. Ẹni tó bá ra àlòkù kí ó ṣọ́ra: àwọn Deore kan wà tí sípíríǹgì wọn ń ṣiṣẹ́ sódì, tí wọ́n ń sá lọ sórí àwo ńlá bí okùn bá dẹ̀. Irú yẹn kọ́ ni a fẹ́.

Ṣéènì àtijọ́ ti nà. Ìpín 24 ti ṣéènì tuntun jẹ́ mìlímítà 304.8. Bó bá dé 306.3, àsìkò àtipààrọ̀ ti tó. Bó bá dé 307.8, ó ti ba eyín àwo jíà jẹ́ pẹ̀lú. Ti kẹ̀kẹ́ yìí jẹ́ 307.5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, nítorí náà ṣéènì àti jíà ẹ̀yìn jọ lọ ni. Jíà tuntun 11-32 wọlé, òrùka ìdè rẹ̀ gba Nm 40. Ṣéènì tuntun ní ìpín 114. A gé e sí 108. A kò fi ojú gé e: a yí i ká àwo ńlá iwájú àti àwo ńlá ẹ̀yìn láì gba inú derailleur, a sì fi ìpín 2 kún ibi tó ti pàdé. Ṣéènì tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ á fa derailleur ya lọ́jọ́ tí ẹni tó ń gùn ún bá ṣèèṣì fi ńlá pọ̀ mọ́ ńlá, ẹni tó ti rẹ̀ lórí òkè yóò sì ṣèèṣì. Ìyí òkè derailleur jìnnà sí àwo 32 ní mìlímítà 6.

Epo ṣéènì fún ìgbà òjò ni, èyí tó ki. Ẹ̀kán kan sórí ìyí kọ̀ọ̀kan, láti inú, kí a yí i fún ìṣẹ́jú kan, kí a sì nù ú títí ìta yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Epo tó kù níta kò ṣe iṣẹ́ kankan ju pé kó máa kó iyanrìn jọ.

Ẹrù àti iná

Kárià tó ń de mọ́ òpó ìjókòó sábà máa ń ní òpin kílò 10, ó sì máa ń mì láti ọ̀tún sí òsì. Kárià tó ń de mọ́ quick-release wà, ṣùgbọ́n irin ẹ̀yìn férémù yìí jẹ́ mìlímítà 410 péré, gìgísẹ̀ yóò máa gbá àpò ẹ̀gbẹ́. Àpò tí a so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó ni ìdáhùn tó rọrùn jù. Carradice Nelson Longflap ni ó rà, àpò aṣọ òwú tí a fi ìda pa, tí wọ́n ń rán ní Nelson ní Lancashire. Ìjókòó àtijọ́ kò ní ihò awọ tí àpò ń so mọ́, a sì pààrọ̀ rẹ̀ sí Brooks tó ní in.

Àlàfo láti ìjókòó dé orí mọ́dígáàdì kò tó: nígbà tí àpò kún, ìdí rẹ̀ ń tẹ mọ́dígáàdì, mọ́dígáàdì ń tẹ táyà. Irin àgbéró kékeré tó de mọ́ ọ̀pá abẹ́ ìjókòó ló gbé e sókè. Ẹrù jẹ́ kílò 7.4 lápapọ̀. Ohun tó wúwo, irinṣẹ́ àti bàtà, sún mọ́ òpó ìjókòó; aṣọ wà níta. A kò so nǹkankan mọ́ fọ́ọ̀kù káábọ̀n.

Àpò náà bo iná ẹ̀yìn tó wà lára òpó ìjókòó pátápátá. Èèyàn lè rin gbogbo ọ̀nà láì mọ̀, torí ẹni tó ń gùn ún kì í rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. A gbé iná lọ sórí awọ ẹ̀yìn àpò, a sì fi èkejì sára irin ẹ̀yìn férémù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn ń wọ̀ ní bíi aago mẹ́rin kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú oṣù kejìlá, kì í sì í yọ títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Òfin iná ọkọ̀ ti 1989 ní kí kẹ̀kẹ́ tó bá wà lójú títì láàrin ìwọ̀ oòrùn àti ìyọ rẹ̀ ní iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, gíláàsì pupa tó ń dá iná padà lẹ́yìn, àti aláwọ̀ ọsàn lára pẹ́dà fún kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1985. Pẹ́dà eré-ìje kì í ní ti ìkẹyìn yìí. A fi pẹ́dà pẹlẹbẹ tó ní in rọ́pò, ó sì tún jẹ́ kí bàtà òtútù tó nípọn rí ibi tẹ̀. Bátìrì ń tètè kú nínú òtútù, nítorí náà iná kékeré kan tí kò wúwo wà nínú àpò nígbà gbogbo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kọkànlá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó gbé e lọ, ó padà wá nítorí ariwo kan tó ń dún tíkítíkí láti iwájú. Ọ̀pá mọ́dígáàdì ti yọ sókè díẹ̀ lẹ́yìn tó tú ẹsẹ̀ iwájú láti fi wọ ọkọ̀ ojú irin, etí mọ́dígáàdì ń kan táyà. A fi pẹ́ńtì sàmì sí ibi tí ọ̀pá yẹ kó dé. Kí ẹnikẹ́ni tó bá lo irú mọ́dígáàdì yìí tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì kó sì dè wọ́n padà nílé, nínú ìmọ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kó tó di pé òjò á fi dandan mú un ṣe é lójú ọ̀nà.

Nínú oṣù kìíní, bíréèkì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀: bí a bá fún ọwọ́ rẹ̀, ó ń mú, àmọ́ kì í padà sípò kíákíá. Okùn inú rẹ̀ ti dógùn-ún níbi tó ti yọ jáde lábẹ́ férémù. A pààrọ̀ okùn sí èyí tí kì í dógùn-ún, a pààrọ̀ àpò okùn pẹ̀lú, nítorí okùn tuntun nínú àpò tó ti kún fún ìpáàrà kò ní lo oṣù kan. Ó ti ń fi omi gbígbóná fọ kẹ̀kẹ́ láti inú ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára. A ní kó dáwọ́ dúró, nítorí agbára omi yẹn ń ti iyọ̀ kọjá rọ́bà ààbò bíàrìn. Omi tútù nínú garawa kan, ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀, kànìnkànìn, aṣọ gbígbẹ, ìṣẹ́jú 10. Bí ààyè kò bá sí fún gbogbo rẹ̀, kó sáà da omi sí i kí iyọ̀ lọ, kó nu ṣéènì, kó fi epo sí i.

Canterbury

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ orílẹ̀-èdè nọ́ńbà 1 ló tẹ̀ lé, láti Woolwich lọ gba etí odò Thames kọjá Thamesmead, Dartford, Gravesend, Rochester, Sittingbourne àti Faversham, ó sì lé ní kìlómítà 100. Títì dára jù lọ títí dé Rochester. Láàrin Sittingbourne àti Faversham ni ẹ̀gún ti wọ táyà iwájú. Kì í ṣe àjálù òjijì: àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ parí gígé igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ṣọgbà yí oko ká kí oṣù kẹta tó wọlé, nítorí ìtẹ́ ẹyẹ, oṣù kejì ni ẹ̀gún sì máa ń kún ojú ọ̀nà oko. Tíúbù 2 ló gbé dání. Tíúbù la ń pààrọ̀ nínú òtútù. Gọ́ọ̀mù kì í gbẹ tó láti lẹ̀ bí ọwọ́ bá tutù tí òjò sì ń ṣẹ́. Ó fi aṣọ, kì í ṣe ìka, nu inú táyà yíká, ó rí ẹnu ẹ̀gún, ó fi pílíà kékeré fà á jáde láti ìta. Ìṣẹ́jú 15.

Láti Whitstable wọ Canterbury, ọ̀nà náà gba Crab and Winkle Way, ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní 1830. Ibẹ̀ ni àyè kékeré yẹn ti gba owó rẹ̀ padà. Apá kan ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀dà, òjò sì ti rọ̀. Ẹrẹ̀ pẹ̀lú ewé kún abẹ́ bíréèkì títí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yí bí ẹni fọwọ́ dì í mú. Lẹ́ẹ̀mejì ló dúró, tó ṣí ọwọ́ kékeré tó ń dẹ ẹ̀mú bíréèkì, tó fi ẹ̀ka igi tínrín hú ẹrẹ̀ jáde. Kò sí àtúnṣe kankan fún èyí lórí férémù yìí. Fún kẹ̀kẹ́ tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7, bí òjò bá ti rọ̀ láàárín ọjọ́ 2, ọ̀nà ọ̀dà láti Faversham lọ tààrà ni kó gbà, bó tilẹ̀ ní òkè jù. Jíà 32 wà fún ìyẹn. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó padà, kẹ̀kẹ́ náà ti rìn ju kìlómítà 2,000 lọ láti oṣù kẹwàá. Ìpín 24 ti ṣéènì jẹ́ mìlímítà 305.9. Òpó ìjókòó jáde pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Kò sí sípóòkù tó dẹ̀ nínú 32, bíàrìn kíránkì kò dún. Rọ́bà bíréèkì iwájú ni èkejì tí a ti lò láti ìgbà náà. Ògiri rímù iwájú dé mìlímítà 1.0, a sì ti béèrè ẹsẹ̀ iwájú tuntun, sípóòkù 32 òun náà, nípù idẹ.